Íńkì fún Ẹyẹ Orí Ikùn

Òkòtó ni gbogbo wa ń pe ọmọ ọmọ mi yìí láti kékeré, nítorí kò mọ ìjókòó. Bí èèyàn bá ní kó jókòó, á jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jó lábẹ́ àga. Mo ti rò pé oyún á mú un rọlẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Ọjọ́ tí mo gbé ẹrù mi dé ilé rẹ̀, pé kí n dúró tì í títí á fi bímọ, orí àpótí ni mo bá a, tó ń nawọ́ gán bébà kan lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ.

"Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀!"

"Màmá Àgbà, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di àpótí yìí mú."

Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé, mi ò tíì bọ́ bàtà, mo ti ń di àpótí mú.

Yàrá iwájú ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń tẹ àwòrán sórí bébà, á sì wá fi ooru gbé àwòrán náà kúrò lára bébà bọ́ sára aṣọ. Férémù onígi kan wà lórí tábìlì, wọ́n ta aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó bí asẹ́, ojú àwòrán nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀ lára rẹ̀. Á da íńkì sí i, á fi igi tó ní rọ́bà lẹ́nu wọ́ íńkì náà kọjá, àwòrán á sì jáde sórí bébà tó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ní òdì, tí apá ọ̀tún á bọ́ sí òsì. Kí íńkì tó gbẹ, á bu gọ́ọ̀mù kan tó rí bí àtíkè wọ́n ọn lórí, á gbọn ìyókù dànù, á fi iná díẹ̀ yá a. Lẹ́yìn náà ló máa da ojú bébà dé aṣọ, á fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ pa á dé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ yìí, irin ni lókè, irin ni nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ dà bí ẹnu ọ̀nì, ó sì ní ọwọ́ gígùn kan tí wọ́n fi ń tì í wálẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nílé náà, òun nìkan ni Òkòtó lè sọ pé tòun ni.

Òun náà ni wọ́n sì fẹ́ gbé lọ.

Dírẹ́bà ni ọkọ rẹ̀, ó ń wa ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn ní òórùn íńkì àti ọmọ tuntun ò lè jọ gbé inú yàrá kan náà, àti pé ilé ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, tó ní ilé ìtẹ̀wé ńlá, ló wá gbọ́ ọ, ló bá ní òun á bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ òun títí ọmọ á fi gbọ́njú. Gbogbo ìdílé ló mọ ìtọ́jú Bọ̀ọ̀dá. Ó ti bá ìyàwó àbúrò rẹ̀ kan tọ́jú ẹ̀rọ ìránṣọ rí. Ọmọ tí wọ́n ní kó gbọ́njú ti ń ka ìwé fún ìyá rẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ ìránṣọ ṣì wà ní pálọ̀ Bọ̀ọ̀dá, wọ́n gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí.

"Màmá Àgbà, bí ẹ̀rọ yìí bá fi lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde sínú ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá, ó parí. Mo ti di ìyàwó ilé tó mọ iṣẹ́ kan nígbà kan rí."

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè gba ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Agbẹ̀bí kan wà ní agbègbè wọn tó ń kó àwọn aláboyún jọ, tó ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá. Ó fẹ́ aṣọ fún wọn, aṣọ dúdú tó ń nà, tó lẹ̀ mọ́ ara, pẹ̀lú ẹyẹ funfun ńlá kan lórí ikùn, tó na ìyẹ́ méjèèjì láti ìhà dé ìhà. Ó ní bí ikùn bá ṣe ń yọ ni kí ẹyẹ náà máa la ìyẹ́ sí i. Ọkọ Òkòtó sì ti ṣèlérí lójú mi: bí agbẹ̀bí bá gba sáńpù, ẹ̀rọ ò ní lọ, òun á wá ọgbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ òórùn. Bí kò bá gbà á, kí Bọ̀ọ̀dá wá gbé e ní Sátidé. Agbẹ̀bí ní ọjọ́ Fúráìdé lòun ń bọ̀ wá wò ó.

Íńkì ló wá dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Èyí tó wà nílé ni Òkòtó kọ́kọ́ lò, íńkì tó fi máa ń tẹ aṣọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó ki, ó funfun báláú, ó ń dán. Nígbà tó gbé ẹyẹ náà kalẹ̀ lórí aṣọ dúdú, mo pàtẹ́wọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé òun ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ sọ́nà kan, ó wọ tuntun náà, ó fà á wálẹ̀ kọjá ikùn. Mo gbọ́ ọ létí ara mi, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń tẹ ewé gbígbẹ. Ẹyẹ náà ti sán láti ọrùn dé ìdí bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀.

"Ẹyẹ yìí mà dàgbà jù mí lọ," mo ní.

"Màmá Àgbà, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n á wọ èyí sórí ọmọ wọn, á ya lójú wọn. Aláboyún wo ló fẹ́ rí nǹkan tó ń ya lórí ikùn ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. 

Ó tún mú èkejì, íńkì olómi. Èyí rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí o bá fọwọ́ ra á, o ò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Àbùkù rẹ̀ náà nìyẹn, nítorí bí o bá fojú wò ó, nǹkan ò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Aṣọ dúdú ti mu ún. Ẹyẹ ti di eérú. Òkòtó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Níbo?"

"Ọ̀dọ̀ Ẹ-má-bínú."

Ẹ-má-bínú ni ọkùnrin tó ń ta íńkì nígun òpópónà. Kò sí ohun tó fẹ́ sọ tí kò ní kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Mo tẹ̀ lé ọmọ mi lọ, nítorí bó ṣe ń rìn yẹn, èèyàn ní láti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kún fún agolo dé òrùlé, ilẹ̀ rẹ̀ ní àbàwọ́n oríṣiríṣi àwọ̀ bí ẹ̀yìn ẹtù.

"Ẹ má bínú, Màmá, ẹ jókòó. Òkòtó, ẹ má bínú, kí lẹ fẹ́?"

Ó ṣàlàyé. Ọkùnrin náà gbé ìgò kékeré kan jáde, ó ní bí wọ́n bá da omi inú rẹ̀ sí íńkì líle ti tẹ́lẹ̀, á rọ̀ díẹ̀. Díẹ̀ náà ni o. Bó bá pọ̀ jù, funfun rẹ̀ á ṣàn dànù, aṣọ á sì máa lẹ̀ mọ́ra wọn nínú àpò. Lẹ́yìn náà ló wá gbé agolo kan kalẹ̀. Íńkì tí wọ́n ti pò láti ilé iṣẹ́ pé kó máa nà ni. Ó mú àkísà kan tó ti tẹ̀ ẹ́ sí, ó fà á títí mo fi rò pé á ya, ó tú u sílẹ̀, nǹkan náà padà sáyè rẹ̀ láìlábàwọ́n.

"Èyí, ẹ lè fà á kó gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀, á ṣì padà wálé. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ó ní ìwà tirẹ̀. Ẹ má sun ún jù lórí bébà. Kó sáà dì, kó má lẹ̀ mọ́ ìka, ó tó. Orí aṣọ ló yẹ kó ti jinná. Bẹ́ ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ jẹ́ kó tutù pátá kẹ́ ẹ tó ṣí bébà. Pátá ni mo wí o. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé mo ń..."

Òkòtó ti wà ní ìta pẹ̀lú agolo lábẹ́ apá. Èmi ni mo bá a kí ọkùnrin náà pé ó dàbọ̀.

Nílé, ó tẹ ẹyẹ sórí bébà, ó wọ́n gọ́ọ̀mù, ó yá a, ó dà á dé aṣọ, ó pa ẹnu ọ̀nì dé. Nígbà tó ṣí i, èéfín díẹ̀ rú jáde. Ó na ìka sí igun bébà.

"Ọkùnrin yẹn ní kó tutù o."

"Ó ti tutù."

"Èéfín ṣì ń jáde!"

Ó fẹnu fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, fùú, ó sì fà á. Orí ẹyẹ àti ìyẹ́ kan dúró sára aṣọ. Ìrù àti ìyẹ́ kejì, ọ̀dọ̀ bébà ni wọ́n wà. Ó wo ibí, ó wo ọ̀hún. Ó ní gọ́ọ̀mù ni ò tó. Ó tẹ òmíràn, ó rọ gọ́ọ̀mù lé e bí ẹni ń fi àtíkè kun ọmọ. Ó tún fà á ní gbígbóná, ó tún pín. Ó ní ó dájú pé íńkì ò jinná lórí bébà ni. Ó wá fi iná sun òmíràn, ó sun ún, ó tún padà sun ún kó lè dá ara rẹ̀ lójú. Èyí ò tilẹ̀ pín rárá. Ó jókòó odidi lórí bébà, aṣọ mọ́ tónítóní. Ó ti jinná sínú ara rẹ̀, kò ní ohun tó fẹ́ bá aṣọ sọ mọ́.

Mo ní, "Ọmọ mi, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

"Màmá Àgbà, kò sí ọbẹ̀ níbí."

Bí a ṣe wà nìyẹn títí di ọ̀sán Tọ́sìdé. Ìjókòó ò gbà á, ìdúró ò gbà á. Á lọ sí ẹnu fèrèsé, á padà, á gbọn agolo, á ti férémù síwájú, á fà á sẹ́yìn. Á ní kí n wá sùn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Èmi náà ò lè jókòó mọ́. Bó bá dìde, ọkàn mi á dìde. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo ń ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kún fún ẹyẹ alápá kan.

Òkòtó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ òmíràn, ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sókè, ni ọkọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Bọ̀ọ̀dá pè mí. Ó ní ọkọ̀ òun ráyè lọ́la, pé òun á kúkú wá gbé e lọ́la."

"Lọ́la? Ọjọ́ wo la fi àdéhùn sí?"

"Sátidé. Ṣùgbọ́n ó ní..."

"Ó ní! Ó ní! Ìwọ ńkọ́, kí lo ní?"

Ó wo èmi, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ sẹ́yìn."

Wọ́n lọ sẹ́yìn. Òkòtó fi bébà sílẹ̀ lórí aṣọ bó ṣe wà. Mo jókòó tì í, mi ò fọwọ́ kàn án, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n fọwọ́ kàn án. Fèrèsé ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, mo sì ní etí.

"...o ò lè sọ fún un pé kó dúró? O ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí láyé ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Èmi ńkọ́? Kí ni mo jẹ́?"

"Òkòtó, mo ṣáà ń ro ti ọmọ. Gbogbo ilé ń rùn. Èmi gan-an ń sun íńkì, mo ń jí íńkì."

"Sọ fún mi ká wá ibòmíràn gbé e sí! Ìyẹn yàtọ̀ sí kí ẹ fún Bọ̀ọ̀dá. Bó bá lọ, ta ló máa gbà á padà? Ìwọ? Ìwọ tí o ò lè pe orúkọ ẹ̀ láìtẹríba lórí fóònù?"

   Ohùn ọkùnrin náà wálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn, èmi ni mo gbé e débẹ̀. Èmi ni mo wa ọkọ̀. Mi ò tíì lè wo ojú ìyàwó àbúrò mi dáadáa láti ìgbà yẹn."

Òkòtó wọlé gìrìgìrì, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó nílò nǹkan tó máa fà ya, bébà ló sì sún mọ́ ọn jù. Ó gbá igun rẹ̀ mú, ó fà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Bébà kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ẹyẹ náà wà lórí aṣọ, odindi, láti ẹnu dé ìrù, funfun, kò dán jù, kò ṣú. Òkòtó fi ọwọ́ méjèèjì fà á lápá, ìyẹ́ là. Ó tú u sílẹ̀, ìyẹ́ pa dé.

 Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí ni mo ṣe?"

Ó tẹ òmíràn wéré. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó fà á. Orí wà níbí, ìdí wà lọ́hùn-ún.

Ọkọ rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Èyí tó dáa lẹ́ẹ̀kan, o fi sílẹ̀ ni."

"Ìjà ẹ ni mo bá lọ tí mo fi fi í sílẹ̀."

"Ká tún jà nígbà náà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òkòtó fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbé òun náà. Ó tẹ òmíràn, ó ṣí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ sì tún ti ń lọ. Ọkọ rẹ̀ fa àpótí, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bébà.

"Ó ti tutù."

"Ó ṣì gbóná."

"Jẹ́ n wò ó."

"Òkòtó, ó ṣì gbóná. Iṣẹ́ kí lo rò pé mò ń ṣe lójoojúmọ́? Ta ló ń wakọ̀? Jíjókòó dúró ni iṣẹ́ mi. Ọ̀gá á wọ ìpàdé, á ní òun ń bọ̀ báyìí, màá wà nínú mọ́tò títí ojú á fi rọ, mi ò ní fọn fèrè. Lọ jókòó."

Kò jókòó. Ó lọ yípo tábìlì bí ẹni tí wọ́n so mọ́ ọn. Nígbà tí ọkùnrin náà ṣí bébà, jẹ́jẹ́, láti igun dé igun, ẹyẹ náà pé.

Ní Fúráìdé, agbẹ̀bí dé, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọlé. Kò tilẹ̀ jókòó kó tó gba aṣọ. Ó fi orúnkún tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á bí ẹni fẹ́ ya á. Ó ní kí n bu omi wá, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú wa, ó fún un bí ẹni ní ìkùnsínú, ó tún fà á. Òkòtó ń já èékánná jẹ. Ọkọ rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ, ọwọ́ lórí bébà mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kí obìnrin náà rí i bó ṣe ń jáde.

Ibi tí a wà rèé tí ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá fi dúró níta. Ó wọlé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n di okùn mọ́ èjìká.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò, gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, ká gbé e."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró kó tutù."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ dúró."

 Ọmọkùnrin náà ò gbọ́wọ́ kúrò lórí bébà. Bọ̀ọ̀dá wo ojú gbogbo wa, bóyá òun á rí ẹni tó máa bá òun sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rín. Kò sí.

Agbẹ̀bí ò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó na aṣọ míì sí Òkòtó. "Wọ èyí, ìyá kékeré." Òkòtó wọ̀ ọ́ lé orí aṣọ rẹ̀. Ẹyẹ náà na ìyẹ́ lọ sí ìhà rẹ̀ méjèèjì. Agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ gbé ojú sún mọ́ ọn kó wá ibi tó ya. Inú ikùn ni ọmọ ti tàpá, ìyẹ́ ọ̀tún fò sókè, ó tún balẹ̀.

"Háà!" agbẹ̀bí ní. "Ọmọ ti gbà á, ta ni mo jẹ́?" Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún nù. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Inú yàrá yìí ń rùn. Bí n bá tún bá aláboyún yìí nínú íńkì láìwọ ìbọ̀wọ́, láìsí afẹ́fẹ́, ibòmíràn ni màá gbé iṣẹ́ mi lọ, ẹyẹ ì báà fò dé ọ̀run. Ẹ gbé nǹkan yìí kúrò níbí."

Bọ̀ọ̀dá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Ohun tí mo ń sọ nìyẹn! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ so okùn."

Àwọn òṣìṣẹ́ sún mọ́ ẹ̀rọ. Òkòtó ti fi ikùn àti ẹyẹ dí wọn lọ́nà. Ọkọ rẹ̀ ṣí bébà tirẹ̀ tán, ó wò ó, ó pé, ó gbé e sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n so okùn," ó ní.

Òkòtó yíjú sí i. Mi ò ní gbàgbé ojú tó fi wò ó.

"Ẹ so ó dáadáa, ó wúwo. Fàráńdà ni. Ẹ gbé e gba ẹnu ọ̀nà iwájú, kẹ́ ẹ yà sí apá òsì, lábẹ́ páànù. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Èmi á fi pákó gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún òjò."

"Ọkọ̀ mi ni mo gbé wá," Bọ̀ọ̀dá ní.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ máa gbé ọkọ̀ yín padà."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí, ìwọ àbí ìyàwó rẹ?"

"Èmi ni. Bí mo bá sì ti ń sọ̀rọ̀ lọ, màá dé orí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n débẹ̀ lójú àlejò."

Bọ̀ọ̀dá mí kanlẹ̀. Ó mú aṣọ kan lórí tábìlì, ó fà á, ó tú u sílẹ̀, ó tún fà á. Onítẹ̀wé ni, kò lè ṣe kó má fà á. Ó fẹ́ béèrè nǹkan, ó gbé e mì, ó gbé aṣọ náà kalẹ̀, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun ṣe kíá nítorí iṣẹ́ ń dúró de òun.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jáde, wọ́n ń kérora. Òkòtó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, iwájú, ẹ̀yìn, ó ń ní ẹ rọra, ó ń ní ibí yìí, rárá, ọ̀hún. Wọn ò tíì tú okùn tán, wọn ò tíì wá wáyà tí wọ́n máa fi fa iná débẹ̀, ó ti tẹ́ aṣọ dúdú kan sẹ́nu ọ̀nì, ó ti da bébà dé e, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí irin.

"Iná dà?" ọkọ rẹ̀ ní.

"Ìwọ lò ń pẹ́!"

Agbẹ̀bí bọ́ sí ojú ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Èmi wọlé lọ wá ibi tí wọ́n ń fi wáyà pamọ́ sí.